Ìjàpá Tí Kò Lè Fara Balẹ̀: Bí Ẹ Ṣe Lè Wá Ìdí Tí Ẹ́ńjìnì Àtijọ́ Fi Ń Gbọ̀n Nígbà Tó Bá Dúró

Ẹ má tíì fọwọ́ kan súkúrù kábúrétọ̀ yẹn, ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnì. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ń yún yín. Mọ́tò ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ohun tí ojú kọ́kọ́ bá pàdé ni kábúrétọ̀ tó gúnwà sórí ẹ́ńjìnì. Ẹ yí súkúrù rẹ̀ sọ́tùn-ún díẹ̀, ó fẹ́ dáa. Ẹ yí i sósì, ó burú. Ẹ tún un yí. Nígbà tí ìdajì wákàtí bá fi kọjá, àìsàn kan ti di méjì, ẹ kò sì mọ èyí tí ẹ bá nílẹ̀ mọ́ àti èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín dá sílẹ̀.

Mọ́tò tí mo ń sọ ni Volkswagen tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to tiwa pọ̀ ní ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Èkó sí Bàdágìrì. Tèmi dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1973 ni, bàbá mi ló rà á. Ẹ́ńjìnì 1600 ló wà nínú rẹ̀, kábúrétọ̀ rẹ̀ sì ni Solex 34 PICT-3. Nọ́ńbà tí mo máa dá nísàlẹ̀, ti ẹ́ńjìnì yìí ni. Bí tiyín bá jẹ́ 1200 tàbí 1300, ọ̀nà kan náà la máa gbà, àmọ́ kí ẹ wo nọ́ńbà tiyín nínú ìwé mọ́tò. Ẹni tó ní Peugeot 504 náà lè bá wa lọ. Ohun tó yàtọ̀ jù níbẹ̀ ni pé omi ló ń tu tiyín lára, atẹ́gùn ló ń tu tiwa.

Sílóò ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ lójú kan, tí ẹsẹ̀ kò sí lórí tọ́tù. Ìjàpá tí ara rẹ̀ dá, tó ti gbóná, máa ń yí bí ìgbà 850 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá fọwọ́ lé bọ́ńpà ẹ̀yìn, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára pé ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò ní máa jù yín lọ́wọ́. Ìgbà sílóò yìí sì ni àléébù máa ń fara hàn jù lọ, nítorí pé ẹnu tọ́tù, ìyẹn ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà nínú kábúrétọ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé tán. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ àti epo díẹ̀ ló ń wọlé. Bí ihò kékeré kan bá wá ń fa afẹ́fẹ́ àfikún wọlé, ìyàtọ̀ ńlá ni lójú afẹ́fẹ́ díẹ̀ yẹn. Tí ẹ bá ń sáré lójú ọ̀nà, tí ẹnu tọ́tù ti ṣí gbayawu, ihò kan náà yẹn kò ní já mọ́ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi máa ń sọ pé, "Tó bá ti ń lọ, kò ní wàhálà kankan."

Bí mo ṣe ń tò ó nìyí: tápẹ́ẹ̀tì (àlàfo orí àwọn fáàfù, ìyẹn àwọn ilẹ̀kùn tó ń gba epo wọlé tó sì ń tú èéfín jáde), iná, afẹ́fẹ́ tó ń yọ́ wọlé, lẹ́yìn náà kábúrétọ̀. Ẹ má yí i padà. Bí ẹ bá tún kábúrétọ̀ ṣe sórí fáàfù tí kò pa dé, àìsàn lẹ ń bá dọ́gba. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá tún fáàfù náà ṣe, kábúrétọ̀ máa dàrú.

Kí ẹ tó ṣí nǹkan kan, ẹ tẹ́tí

Ẹ wa mọ́tò náà fún bí ogún ìṣẹ́jú kó gbóná, kí ẹ sì páàkì rẹ̀ sí gbangba. Gáàsì kan wà nínú èéfín sílẹ́ńsà tí kò ní òórùn, tó sì ń pa ènìyàn, nítorí náà a kì í ṣe iṣẹ́ yìí nínú gáréèjì tó pa dé. Kí jíà wà ní níútírà, kí hándìbíréèkì wà lókè. Ẹ ká ọwọ́ aṣọ sókè, ẹ yọ ẹ̀gbà ọrùn, kí ẹ sì so gèlè tàbí ìborùn tó ń fì lulẹ̀ mọ́ra. Fáńbẹ́ẹ̀tì kò mọ bàbá yàtọ̀ sí ọmọ.

Ẹ lọ dúró sí ẹ̀yìn, níbi tí èéfín ń gbà jáde, ẹ fetí sí i. Bí ó bá ń fo ìlù kan sílẹ̀ ní àsìkò kan náà ṣáá, bí onílù tí awọ ìlù rẹ̀ ya níbì kan, sílíńdà kan, ìyẹn ọ̀kan nínú ihò mẹ́rin tí epo ti ń jó, ló ń sùn. Tápẹ́ẹ̀tì tàbí pulọ́ọ̀gì tó ń ta iná sínú rẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá ń gòkè, tó ń sọ̀, tó tún gòkè, bí ẹni tó sáré dé tó ń mí gule-gule, afẹ́fẹ́ ń yọ́ wọlé níbì kan, tàbí kí epo àti afẹ́fẹ́ má bára mu. Èyí tó ń fò láìní ìlànà, tó máa dáa fún ìṣẹ́jú kan kó tó hùwà ìkà, máa ń jẹ́ kọ́ńtáàtì tàbí kọ́ńdẹ́ńsà lára dìsíríbútọ̀, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún pulọ́ọ̀gì, tàbí ìdọ̀tí nínú jẹ́ẹ̀tì, ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà nínú kábúrétọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ àárọ̀ nìkan ló ń ṣe é, tó bá gbóná tán tó tọ́, ẹ lọ wo ṣóòkì, abẹ́bẹ́ tó ń dín afẹ́fẹ́ kábúrétọ̀ kù nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, kí ẹ tó dààmú ara yín.

Ẹ mú abala ìwé kan, ẹ fi sún mọ́ ẹnu sílẹ́ńsà. Èéfín gbọ́dọ̀ máa tì í síta. Bí ẹnu páìpù bá ń fa ìwé náà mọ́ra lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, fáàfù èéfín kan kò pa dé dáadáa. Ẹnu páìpù méjì tí Ìjàpá ní kò lè sọ ẹ̀gbẹ́ tó ti ń ṣẹlẹ̀ fún yín o, torí inú sílẹ́ńsà kan náà ni gbogbo èéfín ti pàdé.

Láti mọ sílíńdà tó ń sùn, ẹ gbọ́dọ̀ mọ orúkọ wọn. Ẹ dúró lẹ́yìn mọ́tò, kí ẹ kọjú sí ẹ́ńjìnì. Lápá ọ̀tún yín, èyí tó jìnnà sí yín ni 1, èyí tó sún mọ́ yín ni 2. Lápá òsì, èyí tó jìnnà ni 3, èyí tó sún mọ́ ni 4. Ẹ wá pulọ́ọ̀gì àtijọ́ kan, kí ẹ fi wáyà so ara irin rẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnì. Nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ ní sílóò, ẹ fi páláyà tó ní róbà lọ́wọ́ fa wáyà pulọ́ọ̀gì kan yọ, ẹ fi sórí pulọ́ọ̀gì àtijọ́ yẹn kí iná rí ibi lọ, ẹ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì, ẹ dá a padà. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó. Bí ohùn bá rẹlẹ̀ nígbà tí ẹ yọ ọ́, sílíńdà yẹn ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Èyí tí ẹ yọ tí ẹ́ńjìnì kò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, òun gan-an ni ọ̀lẹ. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Iná ibẹ̀ lágbára púpọ̀ o, nítorí náà ẹni tí ọkàn rẹ̀ ní àrùn tàbí tó ní ẹ̀rọ nínú àyà kò gbọdọ̀ ṣe èyí.

Lẹ́yìn náà ẹ pa á, ẹ lọ sùn. Iṣẹ́ tó kàn fẹ́ ẹ́ńjìnì tó tutù mọ́jú.

Tápẹ́ẹ̀tì

Ibi tí mo ti kọ́gbọ́n nìyí. Ìgbà mẹ́ta ni mo gbé Ìjàpá yìí lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan, ìgbà mẹ́ta ló yí súkúrù, ìgbà mẹ́ta ni mo sanwó, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tí yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lọ́jọ́ tí mo wá fọwọ́ ara mi ṣí ìdérí tápẹ́ẹ̀tì, fáàfù èéfín ti sílíńdà 3 kò ní àlàfo rárá. Bébà sìgá kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Kò sí bí mo ṣe lè yí súkúrù kábúrétọ̀ tó tí fáàfù yẹn máa fi pa dé.

Àlàfo tó yẹ kó wà ni mílímítà 0.15, ìyẹn ínṣì 0.006, fún èyí tó ń gba epo wọlé àti èyí tó ń tú èéfín jáde. Irin máa ń gùn bí ó bá gbóná, àlàfo náà wà kí fáàfù lè rí àyè pa dé. Bí kò bá sí, fáàfù ń gbé ẹnu díẹ̀, agbára ń jò jáde, iná sì ń jẹ etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tápẹ́ẹ̀tì tó ń pariwo kò léwu tó èyí tó dákẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ pé ìdákẹ́jẹ́ ni àlàáfíà, wọ́n á ní kí mẹkáníìkì fún un pa kó má dún mọ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

1. Ẹ ṣí ìdérí dìsíríbútọ̀. Ẹ fi sípánà 21 yí nọ́ọ̀tì púlì jẹnẹrétọ̀ títí róọ̀tọ̀, apá kékeré tó ń yí nínú dìsíríbútọ̀, yóò fi kọjú sí àmì kékeré tí wọ́n fá sí etí dìsíríbútọ̀. Sílíńdà 1 nìyẹn. Púlì ìsàlẹ̀ ní àmì tirẹ̀ tó máa wà nítòsí ojú ibi tí ara ẹ́ńjìnì ti lẹ̀ mọ́ra. Fún tápẹ́ẹ̀tì, bó bá fi díẹ̀ yà, kò bàjẹ́. Róọ̀tọ̀ ni kí ẹ máa wò.

2. Ẹ tẹ wáyà tó di ìdérí tápẹ́ẹ̀tì mú wálẹ̀. Ọ́ìlì máa kán, ẹ gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀.

3. Fáàfù mẹ́rin ló wà lábẹ́ ìdérí kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjì tó wà ní ìkángun ni ti èéfín, àwọn méjì àárín ni ti epo. Ẹ ti fílà géèjì 0.15 (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo) bọ àárín apá tó ń tẹ fáàfù àti orí fáàfù. Ó yẹ kó wọlé, kó sì máa fà díẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń fa ọ̀bẹ jáde nínú ẹ̀kọ tó dì. Kí ẹ tó yí ohunkóhun, ẹ kọ bó ṣe wà sílẹ̀.

4. Ẹ fi sípánà 13 tú nọ́ọ̀tì, ẹ fi súkúrúdíráfà yí súkúrù rẹ̀, ẹ di súkúrù mú bí ẹ ṣe ń fún nọ́ọ̀tì padà. Ẹ tún un wọ̀n, nítorí nọ́ọ̀tì máa ń jí díẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń fún un.

5. Ẹ yí púlì ìsàlẹ̀ sọ́wọ́ òsì, ìdajì ìyípo, ẹ ti dé sílíńdà 2. Ìdajì mìíràn, 3. Ìdajì mìíràn, 4.

Bí ẹ bá tún fáàfù kan ṣe lónìí, tí ẹ tún bá a láìní àlàfo lóṣù tó ń bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ títún ṣe mọ́. Ó lè jẹ́ pé ọrùn fáàfù yẹn ń gùn, tàbí ìjókòó rẹ̀ ló ń jẹ. Bí orí rẹ̀ bá já sínú ẹ́ńjìnì, pisitíìnì àti sílíńdà ló máa bá a lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú orí ẹ́ńjìnì. Ti sílíńdà 3 gbajúmọ̀ fún èyí nínú àwọn ẹ́ńjìnì tó ṣáájú 1971, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń tu ọ́ìlì lára dúró sójú ọ̀nà atẹ́gùn rẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló sì ń kàn án. Wọ́n ti gbé e kúrò níbẹ̀ kí tèmi tó jáde. Kò kúkú jẹ́ kí tèmi yè.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí ẹ fi dé ìdérí padà. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn agbára sílíńdà, àsìkò rẹ̀ nìyí. Ẹ yọ pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹnì kan tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì ta á. Láàárín 100 sí 130 psi dáa, àmọ́ bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe bára wọn mu ló ṣe pàtàkì jù. Àwọn kan máa ń da ṣíbí ọ́ìlì kan sínú èyí tó rẹlẹ̀ láti mọ̀ bóyá ríńgì ló jẹ. Sílíńdà Ìjàpá dùbúlẹ̀ ni, ọ́ìlì yẹn á kàn ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má gbára lé e.

Iná

Ẹ wo ojú pulọ́ọ̀gì kí ẹ tó nù ún, nítorí ìwé ni. Àwọ̀ amọ̀ gbígbẹ ni à ń fẹ́. Bó bá dúdú tó sì gbẹ bí ìdí ìkòkò, epo pọ̀ jù. Èyí tó funfun ń rí afẹ́fẹ́ jù, tàbí kó máa gbóná jù. Èyí tí epo mú tutù ń gba epo ṣùgbọ́n iná kò dé ibẹ̀. Àlàfo ẹnu rẹ̀ jẹ́ mílímítà 0.6 sí 0.7. Bí ẹ bá ń ra tuntun ní Ládípọ̀ tàbí níbikíbi, ẹ wo ìkọ̀wé ara rẹ̀ àti ojú irin rẹ̀ dáadáa. Ayédèrú pọ̀ nígboro, ó sì lè ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó kú.

Àlàfo kọ́ńtáàtì jẹ́ mílímítà 0.4, níbi tó ti ṣí jù lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń ra igun ọ̀pá dìsíríbútọ̀ máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀, àlàfo á máa dín, àsìkò iná á sì máa pẹ́ sẹ́yìn. Ẹ fi gírísì bí orí ìṣáná sí igun ọ̀pá náà. Bó bá pọ̀ jù, ó máa ta sí kọ́ńtáàtì. Bí ojú kọ́ńtáàtì bá jóná, tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tó tún jóná kíákíá, kọ́ńdẹ́ńsà ni kí ẹ mú. Nísinsìnyí, ẹ fi ìka mì ọ̀pá dìsíríbútọ̀ sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń mì, àlàfo tí ẹ wọ̀n lórí igun kan kò ní rí bákan náà lórí igun kejì, sílíńdà kọ̀ọ̀kan á máa gba iná ní àsìkò tirẹ̀, sílóò kò sì ní dọ́gba láé. Ẹ lọ tún dìsíríbútọ̀ ṣe.

Ẹ yọ họ́ọ̀sì tó lọ sí àwo kékeré ẹ̀gbẹ́ dìsíríbútọ̀, ẹ fi ẹnu fà á bí ẹni ń fa omi nínú igbá, kí ẹ fi ahọ́n dí i. Pátákó inú dìsíríbútọ̀ gbọ́dọ̀ rìn, kó sì dúró níbẹ̀ títí ẹ óò fi tú ahọ́n. Bó bá padà fúnra rẹ̀, awọ inú àwo yẹn ti ya. Kò ní ṣe iṣẹ́ iná rẹ̀ mọ́, á sì tún máa fún ẹ́ńjìnì ní afẹ́fẹ́ tí a kò pè. Àléébù méjì nínú nǹkan kan ṣoṣo.

Lálẹ́, nínú òkùnkùn, ẹ tan ẹ́ńjìnì kí ẹ wo ìdérí dìsíríbútọ̀ àti àwọn wáyà. Bí ẹ bá rí iná aláwọ̀ búlúù tó ń rìn káàkiri bí tanátaná, iná ń jò níbẹ̀. Ìgbà òjò ló máa ń burú jù.

Lẹ́yìn kọ́ńtáàtì ni kí ẹ tó wo àsìkò iná, nítorí bí kọ́ńtáàtì bá yí, àsìkò á yí. Bí dìsíríbútọ̀ yín bá ní họ́ọ̀sì méjì bí tèmi, dígírì 5 lẹ́yìn òkè (ibi tí pisitíìnì ti rìn dé òpin nínú sílíńdà) ni, kí àwọn họ́ọ̀sì wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kù jẹ́ dígírì 7.5 ṣáájú òkè. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ iná ni 1-4-3-2. Ẹni tó ń bọ̀ láti ìdí Peugeot, tí 1-3-4-2 ti mọ́ lára, kó ṣọ́ra kó má pààrọ̀ wáyà.

Afẹ́fẹ́ tí a kò pè

Tí ohùn bá ń gòkè sọ̀kalẹ̀, ìdí rẹ̀ sábà máa ń wà níbí. Nígbà tí ẹ́ńjìnì gbóná tó wà ní sílóò, ẹ yọ àgbá tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu kábúrétọ̀ díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ́ńjìnì bá yára sí i, tí ohùn rẹ̀ sì dán, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀. Bí ó bá fẹ́ kú lójú ẹsẹ̀, kò sí afẹ́fẹ́ àfikún tó pọ̀, epo gan-an ló tiẹ̀ lè pọ̀ jù.

Ibo ló ń gbà wọlé? Ẹ́ńjìnì 1600 ní róbà dúdú méjì tó so mànífóòlù àárín, páìpù tó ń gbé epo àti afẹ́fẹ́ láti kábúrétọ̀ lọ sí sílíńdà, mọ́ apá méjèèjì. Oòrùn àti ooru ẹ́ńjìnì máa ń là á. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìka kí ẹ rí inú ìlà rẹ̀, torí pé lókè ó máa ń dà bíi pé kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni gásíkẹ́ẹ̀tì ibi tí mànífóòlù ti pàdé orí ẹ́ńjìnì, gásíkẹ́ẹ̀tì ìdí kábúrétọ̀, họ́ọ̀sì kéékèèké, àti ọ̀pá tọ́tù fúnra rẹ̀.

Àwọn kan máa ń fín ohun tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀ sí àwọn ibi wọ̀nyí láti gbọ́ bí ohùn yóò ṣe yí. Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbaná ni, dìsíríbútọ̀ tó ń ta iná wà nítòsí, mo sì fẹ́ kí Ìjàpá yín wà fún ọmọ yín. Mo ń lo ìgò tí wọ́n fi ń fín omi sí aṣọ nígbà tí wọ́n bá ń lọ̀ ọ́. Ẹ fín omi díẹ̀ sí ìdí róbà kan, ẹ dúró kí ẹ gbọ́, ẹ lọ sí òmíràn. Níbi tó bá ń jò, ẹ́ńjìnì á gbé omi mì, ohùn rẹ̀ á sì yí lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fín in sí dìsíríbútọ̀.

Ní ti ọ̀pá tọ́tù, ẹ pa ẹ́ńjìnì kí ẹ mì ín sókè sódò. Nínú mọ́tò tí wọ́n ti ń wà fún àádọ́ta ọdún, ihò tí ọ̀pá náà ń gbà á ti jẹ, á ti rí bí ẹyin. Èyí kò ní oògùn gásíkẹ́ẹ̀tì. Alágbẹ̀dẹ irin tó ní lẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin, ló lè fi ihò bàbà tuntun sí i. Kí ẹ tó ra kábúrétọ̀ tuntun olówó pọ́ọ́kú, ẹ wá irú onírin bẹ́ẹ̀. Solex àtijọ́ tí wọ́n tún ihò rẹ̀ ṣe dáa ju ọ̀pọ̀ èyí tuntun tí mo ti fọwọ́ kàn.

Bí ẹ ṣe wà níbẹ̀, ẹ wo họ́ọ̀sì epo. Èyí tó bá le bí igi tàbí tó là, ẹ gé e dànù lónìí. Ní oṣù Kejì 2022, epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ọjà wa ní Nàìjíríà, methanol kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ róbà àtijọ́. Ẹ fa páìpù bàbà kékeré tí epo ń gbà wọ kábúrétọ̀ díẹ̀. Bó bá ń jò tàbí tó ń yí lọ́wọ́ yín, ẹ má tan mọ́tò títí wọn yóò fi tún un ṣe. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Ìjàpá ti jóná.

Kábúrétọ̀, nígbẹ̀yìn

Ó ṣeé ṣe kí ẹ má dé ibí rárá.

Ẹ kọ́kọ́ wo ṣóòkì. Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti gbóná, abẹ́bẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán. Iná mànàmáná ló ń mú un gbóná tó fi ń ṣí, nítorí náà bí wáyà rẹ̀ bá ti já, ó máa pa dé síbẹ̀, èéfín dúdú á sì máa jáde. Lẹ́yìn náà, sólẹ́nọ́ìdì kékeré ẹ̀gbẹ́ kábúrétọ̀, èyí tí iná fi ń ṣí ọ̀nà epo sílóò. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láìta ẹ́ńjìnì, ẹ yọ wáyà rẹ̀ kí ẹ tún fi kàn án. Ó gbọ́dọ̀ dún "kà". Bí kò bá dún, epo sílóò ti dí nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí ẹlòmíràn fi gbé súkúrù tọ́tù sókè kí mọ́tò má bàa kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni jẹ́ẹ̀tì sílóò. Ẹ tú u, ẹ fẹ́ ẹ pẹ̀lú atẹ́gùn kọ̀ḿpúrẹ́ṣọ̀. Ẹ má fi wáyà gún un, torí ihò rẹ̀ ni òṣùwọ̀n.

Nísinsìnyí ni ẹ lè mú súkúrúdíráfà. Súkúrù méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì 34 PICT-3. Èyí kékeré ń darí epo, èyí ńlá ń darí ìyára. Ẹ kọ́kọ́ dá súkúrù tọ́tù tó wà lókè padà síbi tó yẹ. Ẹ tú u títí kò fi ní kan irin ṣóòkì tó rí bí àtẹ̀gùn mọ́, ẹ yí i wọlé kó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án, ẹ fi ìdá mẹ́rin ìyípo kún un. Ẹ kò tún gbọdọ̀ fọwọ́ kan án láti fi tún sílóò ṣe. Ẹ yí súkúrù kékeré wọlé jẹ́jẹ́ títí yóò fi jókòó, láìfún un, kí ẹ tú u síta ní ìyípo méjì àbọ̀. Ẹ tan ẹ́ńjìnì. Ẹ fi súkúrù ńlá gbé e dé 850. Ẹ wá fi súkúrù kékeré wá ibi tó ti yára jù lọ, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa sinmi láàárín, kó tó gbọ́. Níbi tó ti yára jù yẹn, ẹ yí i wọlé kó lọ sílẹ̀ ní bí 25 sí 30. Ẹ fi súkúrù ńlá dá a padà sí 850.

Bí súkúrù kékeré kò bá mú ìyàtọ̀ kankan wá, ọ̀nà epo sílóò ṣì dí, tàbí ẹnu tọ́tù ṣí jù. Bí ẹ bá sì ní láti tú u síta ju ìyípo mẹ́ta àbọ̀ lọ kó tó dọ́gba, afẹ́fẹ́ ṣì ń yọ́ wọlé. Ẹ padà sí ìgò omi.

Ẹ̀yin tó ń wa tiyín ní ìlú òtútù bíi Lọ́ńdọ̀nù, ẹ wo páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ooru sílẹ́ńsà lọ sábẹ́ mànífóòlù. Bí èédú bá dí i, mànífóòlù á máa tutù bí yìnyín, sílóò á sì máa dàrú láìsí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀.

Ẹ wakọ̀ jáde fún ìdajì wákàtí, kí ẹ padà wá wo sílóò nígbà tí iná iwájú wà ní títàn. Ó lè lọ sílẹ̀ díẹ̀, ìyẹn kò burú, kí ó sáà má gbọ̀n. Ẹ kọ àlàfo fáàfù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tí ẹ bá nílẹ̀ àti èyí tí ẹ fi sílẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, ẹ fi sínú àpótí kékeré tó wà níwájú ìjókòó nínú mọ́tò, nítorí pé lẹ́yìn kìlómítà 5,000 ẹ máa tún ṣí wọn, kí ẹ lè mọ èyí tó ń sún.